Ìpín Kejì, ní Òkè-Ìjẹ̀bú

A kò ní ọ̀bóè.
Jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ló ń fún wa ní ohùn tí a fi ń tún okùn ṣe.
Ó lọ sílẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí ìwé wí,
Ọ̀gá Akíntẹ́ye ní kò burú,
àlejò a máa bẹ̀rẹ̀ wọlé onílé.

Sátidé nínú ọyẹ́. Ètè Fẹ́hìntọlá tó ń fọn fèrè ti là,
eruku pupa ọ̀nà Ìdànrè wà lórí ìwé orin.
A ti sáré parí ìpín kìíní
bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó fẹ́ padà sídìí eré.
Ó wá kan èyí.

Lókè ìwé: Adájíò. Lílù méjìléláàádọ́ta ní ìṣẹ́jú kan.
Kíì kékeré: lórí là la kọ́lé sí, kì í ṣe lórí dò.
Ẹni tó kọ ọ́ ti kú tipẹ́, ní ìlú yìnyín;
kò mọ̀ pé ilẹ̀ kan wà
tí ohùn kò lè gòkè, kó sọ̀ kalẹ̀, kó má wí nǹkan.

"Ẹ rìn ín bí Odò Àlà nínú ẹ̀ẹ̀rùn," ni Ọ̀gá wí,
"tí èèyàn á dúró lórí afárá
tí á máa bi ara rẹ̀ pé ṣé ó ń ṣàn báyìí."
A rìn ín. Ó kú.
A tún un rìn. Ẹnìkan yán lẹ́yìn.

Ó gbé pẹ́ńsùlù rẹ̀ sílẹ̀.
"Nóòtì mẹ́rin yìí:
òkè, àárín, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀.
Kí ni wọ́n ń wí?"

Ìyá Mofẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti iṣẹ́ òru bọ̀,
tí bàtà funfun ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ní:
"Má ṣe bẹ̀rù.
Bí mo ṣe ń wí i fún wọn lálaalẹ́ nìyẹn."

Bàbá Adétulà kò gbójú sókè lórí ṣẹ́lò rẹ̀.
"Ó ti jìnnà."
A mọ ẹni tó ń wí. Ọdún kẹsàn-án rèé,
ìpè ọmọ náà ti di ọdọọdún.

Fẹ́hìntọlá nu ẹnu fèrè, ó rẹ́rìn-ín.
"Ó ti dàgbà ni tèmi. Àbúrò mi obìnrin.
Àná ló ní kí n máa kanlẹ̀kùn kí n tó wọlé."

Àríyànjiyàn dé.
Ìyá Mofẹ̀ ní kò gbọdọ̀ falẹ̀,
ẹni ẹ̀rù ń bà kì í dúró de ọ̀rọ̀ tó ń wọ́sẹ̀.
Bàbá ní ká fà á, ká fà á, títí ọrun á fi tán lọ́wọ́ wa.
Ọ̀gá wò wá títí,
ó fi pẹ́ńsùlù pa méjìléláàádọ́ta rẹ́,
kò sì kọ nǹkan mìíràn síbẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò bi mí.
Fíọ́là ni mo ń ta. Àwa la máa ń gbé orin, a kì í kọ ọ́:
nóòtì kan náà fún ìlà mọ́kànlélógún,
bí ẹni tó di àkàbà mú kí ẹlòmíràn gùn.

A tún un bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè sọ bó ṣe yára tó.
Òrùn mú páànù òrùlé, ó ń ta pá, pá, lórí ìlù tirẹ̀.
Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, orin já bọ́ sọ́wọ́ fíọ́là,
ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo: òkè, àárín, ìsàlẹ̀,
ibi tí ìkẹrin ìbá sì ti sùn, ó dìde.
Òkè.

Ìgbà yẹn gan-an ni jẹnẹrétọ̀ kú.
"Ó ti bàjẹ́!" ni ọmọ ìdí ìlù kígbe,
ó bá a mu wẹ́kú, ohùn sí ohùn,
a rẹ́rìn-ín títí Ìyá Mofẹ̀ fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọrun mi ṣì wà lórí okùn.
Obìnrin kan dúró níbi tí wọ́n ń sá kòkó, lẹ́yìn Oǹdó,
lọ́jọ́ tí mo wọ mọ́tò lọ sí ilé ìwé l'Ákùúrẹ́,
ó kígbe tẹ̀lé mi, ẹ́ńjìnnì gba ọ̀rọ̀ náà jẹ,
ó ku ohùn rẹ̀ nìkan.
Kò sí láyé mọ́ tí mo lè bi í.
Ó lè jẹ́ má ṣe gbàgbé.
Ó sì lè jẹ́ àpótí mi ló rí lórí mọ́tò,
tí ìdérí rẹ̀ já,
tó ní ó ti bàjẹ́.